Ta Ló Sọ Ọ́?

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, arábìnrin kan láti ìjọ mìíràn pè mí. Ẹkún ló ń sun. Ó ní ìjọ àwọn ti ń pín sí méjì, àwọn tó jọ ń jẹun tẹ́lẹ̀ ò kí ara wọn mọ́, òun ò sì mọ ibi tí iná ti ràn. A sọ̀rọ̀ títí owó fóònù rẹ̀ fi tán. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, oorun ò wá. Mo bá ní kí n kọ èyí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló wà nínú irú ẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ìjọ Onítẹ̀bọmi kan níbí ní Ìbàdàn, ọdún kẹsàn-án rèé. Lọ́dọ̀ tiwa, ìpàdé ìjọ ló ń pinnu nǹkan, àtorí ẹni tí a máa pè ní pásítọ̀ dórí irú àga tí a máa rà. Gbogbo ọmọ ìjọ tó ti ṣe ìtẹ̀bọmi ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde sọ tẹnu ẹ̀. Ìdí tábìlì kékeré lápá òsì pẹpẹ ni mo máa ń jókòó sí, tí màá máa kọ ohun tí oníkálùkù bá sọ. Ó yẹ kí ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ tètè rí ẹni tó ń da ìjọ rú. Èmi ò rí i. Fún bí ọdún mẹ́rin, ẹlòmíì ni mò ń wò.

Màmá kan wà láàárín wa tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà. Ohùn wọn ga, bó bá sì di ọ̀rọ̀ owó, wọn kì í wojú ẹnikẹ́ni. Bí akápò bá ka ìṣirò tán, tí a ti fẹ́ pàtẹ́wọ́, àwọn ló máa dìde: "Epo jẹnẹrétọ̀ oṣù tó kọjá, jálá mélòó ni? Rìsíìtì ẹ̀ dà?" Gbogbo ilé á kùn hùn-ùn. Pásítọ̀ á wo aago. A ní alágídí ni wọ́n. Àwọn kan tiẹ̀ ní ká dá ààwẹ̀ nítorí wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjọ wa wá bẹ́, mo kó àwọn ìwé ìpàdé jáde, mo kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà méje ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "A rọ Màmá kí wọ́n ní sùúrù." Ìdáhùn sí ìbéèrè wọn, n ò rí ẹyọ kan tí mo kọ. Ó dùn mí débi pé mo pa ìwé náà dé, mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé.

Bàbá kan náà wà, tí wọ́n ń bá àwọn tó ń júwe ìjókòó fún èèyàn jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí àga kan ní ìlà kẹta. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi ọ̀pá lu àga náà, ọmọkùnrin kan sì fẹ́ mú wọn jáde. Ọmọ wọn obìnrin ló sáré wá ṣàlàyé pé ibẹ̀ ni màmá àwọn máa ń jókòó sí, àti pé kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí màmá náà kú. Kò sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó ti bi Bàbá ní ìbéèrè kankan. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń fi àga náà sílẹ̀ fún wọn, ìjà sì parí.

Àwọn méjèèjì yìí ṣòro bá gbé, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń ja tiwọn.

Díákónì kan wà tí ẹ ò ní gbọ́ ohùn wọn nípàdé láéláé. Ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á dúró sábẹ́ igi máńgòrò níbi tí a ń gbé mọ́tò sí, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ mú, wọ́n á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni ohùn wọn á lọ sílẹ̀: "Ìyá Akọ̀wé, mo kàn ní kí n fi tó yín létí ni o. Kó má jáde láàárín wa." Ohun tí wọ́n fi tó mi létí lọ́jọ́ kan ni pé akápò ń sọ kiri pé ó yẹ kí a gba ìwé lọ́wọ́ mi. Mo gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gba ẹ̀gbẹ́ akápò kọjá láì kí i, obìnrin tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá sílé mi nígbà tí mo bímọ. Kò sọ nǹkan tó jọ ọ́ rí.

Ẹ lọ ka Sámúẹ́lì Kejì, orí 15. Ábúsálómù, ọmọ Dáfídì ọba tó fẹ́ gba ìjọba mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, á dìde ní kùtùkùtù, á dúró lẹ́bàá ọ̀nà ẹnubodè. Ẹni tó bá ń gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ọba, á pè é, á bi í pé ìlú wo ló ti wá, á sọ fún un pé ẹjọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ọba yàn láti gbọ́ ọ. Bí onítọ̀hún bá fẹ́ wólẹ̀, á nawọ́ gbá a mú, á sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà láti kékeré. Ìgbà tí mo ronú kan igi máńgòrò yẹn ni mo tó rí i pé ọkùnrin yìí ò pariwo lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ibẹ̀.

Ohun tó bẹ́ sílẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ ni ti ìsìn méjì. Ní ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn fẹ́ ìsìn Gẹ̀ẹ́sì ní aago méje ààbọ̀, kí ti Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Kò yẹ kí èyí di ìjà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ díákónì fi oṣù márùn-ún jíròrò rẹ̀ láàárín ara wọn, a ò sọ ohunkóhun fún ìjọ. Ogiri lanu, a sì mọ ohun tó máa ń wọ ogiri tó bá lanu. Àwọn àgbà kọ ìwé ẹ̀hónú wá: wọ́n gbọ́ pé Pásítọ̀ ní orin Yorùbá ti di orin àwọn tó ń lọ sàréè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, tàwọn ọ̀dọ́ dé: wọ́n gbọ́ pé àwọn àgbà ń pe àwọn lọ́mọ ìta. Èmi ni mo gba ìwé méjèèjì. Gbólóhùn kan wà nínú àwọn méjèèjì, bákan náà gẹ́lẹ́: "Ẹni tó bá gbọ́n kì í dúró kí òrùlé jó tán." Mo mọ ẹni tó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo ká ìwé náà sínú fáìlì, mo dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, bàbá kan ka ti àwọn àgbà sókè, ilé gbóná. Nígbà náà ni Màmá Elélùbọ́ dìde. Mo ti mú gègé láti kọ pé a rọ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù.

Wọ́n ní, "Ta ló sọ ọ́?"

Bàbá ní, "Wọ́n ní Pásítọ̀ ló sọ ọ́."

"Ta ni wọ́n? Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu Pásítọ̀? Kó dìde."

Kò sẹ́ni tó dìde. Bàbá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá dárúkọ díákónì náà. Kíá ni olórí àwọn ọ̀dọ́ fò sókè: "Àwọn náà ló sọ tiwa fún wa!" Gbogbo ilé yíjú sẹ́yìn. Díákónì ti ṣí Bíbélì wọn, wọ́n ń ṣí ojú ìwé kan tẹ̀lé èkejì, wọn ò sì kà á.

Mátíù orí 18 sọ ohun tó yẹ ká ṣe: lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan. Pásítọ̀ bi wá pé ta ló ti lọ bá wọn rí. Kò sí. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ díákónì yìí fún ọkọ mi, fún ọ̀rẹ́ mi, fún ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, mo tiẹ̀ ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n n ò sọ ọ́ fún àwọn fúnra wọn. Èmi náà ṣe òfófó, bí mo tilẹ̀ ń pè é ní àdúrà.

Mo lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ìyàwó wọn gbé omi wá. Mo sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa akápò, mo ní ó dá èmi àti obìnrin yẹn níjà, mo sì wá kí a lè parí ẹ̀. Wọ́n sunkún. Wọ́n gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ohùn wọn ti wà lórí WhatsApp, tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn, pé akọ̀wé wá bú àwọn lójú ìyàwó àwọn. Bí Pásítọ̀ àti bàbá àgbà kan ṣe tẹ̀ lé mi padà nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ 16 ṣe wí. Èyí gan-an ni mo tẹnu mọ́ fún arábìnrin tó pè mí: lọ lẹ́ẹ̀kíní torí pé arákùnrin rẹ ni, lọ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ẹlẹ́rìí torí pé wọ́n máa yí ti àkọ́kọ́ padà. Títù orí 3 náà ní kí a yẹra fún ẹni tó ń dá ìyapa sílẹ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀ ìkíní àti ìkejì. Kò ní kí a máa kìlọ̀ títí ìjọ á fi tú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá dé iwájú ìjọ, díákónì sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní ṣebí ìyapa ló bí àwọn baba wa, wọ́n ní ká rántí 1888. Òótọ́ ni pé lọ́dún yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ First Baptist l'Ékòó jáde kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ebenezer lónìí. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, mo sì gbà pé àwọn èèyàn yẹn ní ẹjọ́. Ẹ̀hónú wọn lórúkọ: míṣọ́nnárì lé pásítọ̀ wọn, Moses Ládéjọ Stone, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó sì di 1914, tí àwọn tó jáde àti àwọn tó dúró jọ dá ẹgbẹ́ kan tó di Nigerian Baptist Convention lónìí sílẹ̀, Mọ́jọlà Agbébí tó wà lára àwọn tó jáde ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló gbà wọ́n. Mo dìde, mo sọ èyí, mo sì bi díákónì pé kí ni orúkọ ẹ̀hónú tiwọn. Wọ́n ní àwọn ò ní ẹ̀hónú sí ẹnikẹ́ni.

Ìjọ dìbò kí wọ́n fi ipò díákónì sílẹ̀ fún ọdún kan, kí wọ́n dúró láàárín wa. Wọn ò dúró. Èèyàn mọ́kànlá bá wọn lọ.

Láti ìgbà náà, a kì í ka ìwé ẹ̀hónú tí kò sórúkọ lábẹ́ ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi pé "àwọn èèyàn ń sọ pé," màá ṣí ìwé, màá bi í bóyá kí n kọ orúkọ ẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ á ní kí n fi sílẹ̀ ná. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ akápò. Màmá Elélùbọ́ ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé owó wò báyìí, ohùn wọn ò sì tíì lọ sílẹ̀ o.

Lóṣù tó kọjá, mo pàdé ìyàwó díákónì nídìí aláta l'Ọ́jọ̀ọ́. Ọdún kan náà ni èmi àti wọn wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Wọ́n di apá mi mú, wọn ò tètè sọ̀rọ̀. Wọ́n wá béèrè bóyá ìwé orin wọn ṣì wà lórí àga tí wọ́n fi í sí. Mo ní ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo ti fi ọ̀rá wé e torí eruku, ṣé kí n mú un wá sílé fún wọn. Aláta ti ń na ọ̀rá ata wọn sí wọn, wọn ò tíì gbà á.

Wọ́n ní, "Rárá. Ẹ fi í síbẹ̀."