Iṣẹ́ Ilé Láàárín Tọkọtaya ní Nàìjíríà àti ní Swídìn

Nàìjíríà ni mo ti bí àkọ́bí wa, Swídìn ni mo bí èkejì sí. Nítorí náà, bí obìnrin kan bá bi mí pé níbo ni ọ̀nà tí èmi àti ọkọ mi ń gbà pín iṣẹ́ ilé ti tẹ́ mi lọ́rùn jù, n kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá a lóhùn.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí, ìyá mi àti àbúrò mi obìnrin wá bá wa gbé. Àwọn ni wọ́n ń wẹ ọmọ, tí wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n sì ń dáná. Ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ lè rí kò ṣẹ́ kù. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá ọmọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, kò sì ya ọjọ́ kankan sọ́tọ̀ fún bàbá. Ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ kéde ọjọ́ 14 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà tí ìyá mi padà sílé, tí èmi náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ já lé mi léjìká. Ó rẹ̀ mí, àmọ́ n kò bínú, nítorí n kò retí pé kí ó rí lọ́nà mìíràn.

Ní Swídìn, kò sí ìyá, kò sí àbúrò. Òfin ibẹ̀ fún òbí méjèèjì ní ọjọ́ 480 láti pín, 90 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, tí kò lè gbé e fún ẹnì kejì. Bí bàbá kò bá lo tirẹ̀, ó gbé nìyẹn. Ọkọ mi lo tirẹ̀. Láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òun nìkan ló wà pẹ̀lú ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ń pè mí lórí fóònù léraléra láti béèrè ibi tí fìlà ọmọ wà tàbí irú oògùn tí ó yẹ kí ó fún un. Nígbà tó yá, kò pè mọ́. Ó ti mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ti mọ̀ pé bàtà ọmọ ti ń fún un lẹ́sẹ̀, ó sì mọ ìgbà tí ọṣẹ ìfọṣọ ń tán lọ. Rírántí yìí gan-an ni iṣẹ́ tó ti gba agbára mi jù ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, kò sì sí ẹni tó ń kà á nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé ọkọ mi ń ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tó ń ranni lọ́wọ́, iṣẹ́ ẹlòmíràn ló ń ṣe. Tirẹ̀ ni ọkọ mi ń ṣe ní oṣù wọ̀nyẹn.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ti rọra padà sọ́wọ́ mi. Díẹ̀ yìí dùn mí ju gbogbo èyí tí mo dá ṣe ní Nàìjíríà lọ, nítorí mo ti rí i pé ó ṣeé ṣe. Àbúrò mi ní ọkọ mi ti ṣe kọjá ohun tó yẹ. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí sọ pé ohun tó ṣe kò tíì tó. Èrò tèmi sún mọ́ ti ẹni ìkẹyìn yìí, mo sì ti sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ọmọ wa kejì yóò bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní oṣù kẹjọ. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí gbogbo lẹ́tà ilé ìwé lè máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.