Ta ló máa gbá ewé máńgòrò yìí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), orílẹ̀-èdè Benin

Òjò ló jí mi láago márùn-ún ìdájí, kì í ṣe ariwo ẹ̀ o, omi ẹ̀ ni. Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ balẹ̀ sínú omi. Mo mọ ibi tó ti wá. Ilé tó wà lẹ́yìn wa, wọ́n da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá wọn lọ́dún tó kọjá, wọn ò fi ibi tí èèrà máa gbà sílẹ̀, omi tó yẹ kí ilẹ̀ mu wá ń wá ilé onílé kiri, tiwa ló sì rí. Mo fi àkísà fa omi títí ilẹ̀ fi mọ́, mò ń bínú mo sì tún ń rẹ́rìn-ín, torí ọjọ́ tí wọ́n dà á, èmi náà dúró lórí ògiri tí mò ń sọ pé ó mà dáa o, ó mọ́ tónítóní.

Ohun tó wá ká mi lára ni pé Bàbá onílé wa náà fẹ́ ṣe é. Àná ni wọ́n pe àwa ayálégbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ, wọ́n ní àwọn máa tẹ́ pàvé, ìyẹn bíríkì ìtẹ́lẹ̀, sí gbogbo àgbàlá, àwọn sì máa gé igi máńgòrò yẹn, ewé ẹ̀ ti pọ̀ jù, àdán ń jẹ èso ẹ̀ dà sílẹ̀ lóru, àwọn tó ní alùpùpù ò ríbi gbé e sí. Mi ò ní parọ́, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ abẹ́ igi yẹn la ti ń já ẹ̀fọ́, ibẹ̀ la ti ń dirun, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń kàwé, tí oòrùn oṣù kẹta bá sì dé, tí yàrá gbóná bí ààrò, kò sẹ́ni tó ń jókòó sínú ilé, abẹ́ ẹ̀ ni gbogbo wa ń sá sí.

Mo pe àbúrò mi tó ń kàwé ní Freiburg, ní Jámánì, kí n lè rẹ́ni rojọ́ fún. Vauban lorúkọ àdúgbò tó ń gbé. Bárékè ṣójà Faransé ni tẹ́lẹ̀, ṣójà kúrò níbẹ̀ ní 1992, ìlú bá sọ ọ́ di ibùgbé, ó tó bí 5,500 èèyàn tó wà níbẹ̀ báyìí, inú ilé àwọn ṣójà yẹn gan-an ni wọ́n sì fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiẹ̀ sí. Àwọn igi ńlá tí ṣójà fi sílẹ̀, wọn ò gé wọn, wọ́n kọ́lé sáàárín wọn ni. Ní ọ̀pọ̀ òpópó ibẹ̀ o ò lè páàkì mọ́tò síwájú ilé, etí àdúgbò ni gàréèjì wà, wàá lọ ra àyè tìẹ níbẹ̀, ó sì wọ́n. Omi òjò ńkọ́? Ó ní wọ́n gbẹ́ kòtò tí koríko hù sí, omi á dúró síbẹ̀, á máa rọra wọlẹ̀. Mo ní, “Kòtò lásán?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kòtò lásán.” Àkísà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn.

Àmọ́ ká má tan ara wa, a mọ nǹkan yìí tipẹ́. Ilé ìyá ìyá mi ní Kétu, agbo ilé ni, ògiri amọ̀ tó nípọn, yàrá yí àgbàlá ká, gbogbo ilẹ̀kùn kọjú síra wọn, ìkòkò wà níbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rò ń dà sí, igi odán wà lójúde. Ohun tí mi ò rí rí nínú àwòrán àwọn ilé tuntun tó kún fún igi, tí wọ́n ń fi hàn wá lórí fóònù, ni ìgbálẹ̀. Wọ́n á ya igi, wọ́n á ya ọmọdé tó ń sáré, wọn ò ní ya ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tó ń gbálẹ̀. Ní Kétu, ìyàwó tó kéré jù ló ń gbá a kí àkùkọ tó kọ. Ìyá Àgbà sọ fún mi pé ọdún mẹ́jọ làwọn fi gbá a, ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó míì wọlé, àwọn jó. (Inú mi ò dùn síyẹn o. Gbogbo ilé ń gbádùn àgbàlá, ẹ̀yìn obìnrin kan ṣoṣo ló ń dùn ún.) Mo bi àbúrò mi pé ta ló ń gbá ti Vauban, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tí àwọn jọ ń gbélé ló lé òun jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kóun lọ tu koríko.

Lọ́sàn-án mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa, lọ sáàárín ìlú, a gba ẹ̀gbẹ́ Jardin des Plantes, ọgbà igi ìlú, tó jẹ́ igbó ọba kí Faransé tó gbà á. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ò jìnnà síbẹ̀, Francis Kéré ọmọ Burkina Faso ló yàwòrán ẹ̀, òun lọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker àwọn ayàwòrán ilé, ní 2022. Igi tí àwọn àgbà ń ṣèpàdé lábẹ́ ẹ̀ ló wò fi ya ilé yẹn, ó dá inú ẹ̀ lu bí ihò igi kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Ẹ wò ó, àwọn aṣòfin ń kọ́ igi, àwa tí tiwa hù fúnra ẹ̀ la fẹ́ gé e. Mo sọ ọ́ fún onízẹ́mì, ó ní, “Màdáàmù, ẹ dì mí mú dáadáa, kòtò wà níwájú.”

Nírọ̀lẹ́ mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tẹ́ pàvé sí ẹ̀gbẹ́ géètì nìkan, ibi tí alùpùpù máa wà, kí wọ́n má fi sìmẹ́ńtì dí àárín ẹ̀, yanrìn ni kí wọ́n dà sí i kí omi lè máa wọlẹ̀, kí wọ́n sì dá igi sí.

“Ewé ńkọ́? Ìwọ ni wàá máa gbá a?”

“Gbogbo wa ni, Bàbá. Tọkùnrin tobìnrin.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní kí n lọ kọ ẹni tó máa gbá a lójoojúmọ́ wá, àwọn fún wa lóṣù kan, ọjọ́ tí àwọn bá bá ewé nílẹ̀, àáké ni.

Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn kàyé, ìwé ìkọ̀wé ọmọ mi. Baálé ilé yàrá kẹta ní òun máa fún ọmọ kan ní 100 sẹ́fà kó bá òun gbá a, mo ní kò burú, mo kọ orúkọ ẹ̀ sí ọjọ́ Ajé. Yàrá mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́fà. Ọjọ́ Àìkú ló ṣẹ́ kù tí kò lẹ́nì kan, Bàbá onílé nìkan ni wọn ò sì tíì sí nínú ìwé, mo ti ń wo bírò yìí láti ìrọ̀lẹ́.