Bàtà fàdákà ní Alandi

Lánàá ni mo tẹ̀lé màmá onílé wa ní Pune, ní Íńdíà, lọ sí Alandi, létí odò Indrayani. Ibẹ̀ ni ibojì Dnyaneshwar, ẹni mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, wà. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó wọ inú ihò lọ lọ́dún 1296, tó jókòó ṣe àṣàrò, tí wọ́n sì fi òkúta dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn olùfọkànsìn rẹ̀ ò gbà pé ó kú o. Wọ́n ní ó ṣì wà níbẹ̀ láàyè.

Nígbà tó kan màmá, ó wólẹ̀, ó fi iwájú orí kan òkúta ibojì náà, ó ń pe "Mauli, Mauli" (ìyẹn "ìyá", bí wọ́n ṣe ń pe Dnyaneshwar), omijé ń dà lójú rẹ̀ wòròwòrò. Èmi náà kúnlẹ̀.

Ẹni tó fi Marathi, èdè àwọn ará ibẹ̀, ṣàlàyé Gita, ìwé mímọ́ Híńdù, kí mẹ̀kúnnù lè gbọ́ ọ yéké, ọ̀wọ̀ yìí tọ́ sí i. Lọ́dọọdún, wọ́n á gbé bàtà fàdákà rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, èrò á sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e dé Pandharpur, ìlú mímọ́ wọn, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torin-tìlù, àwọn obìnrin á ru ìkòkò tulsi, ewé mímọ́ wọn. Màmá ní ká jọ lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti gbà.