Ìbọn Nìkan Kọ́ Ló Ń Pa Àgbáǹréré

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko igbó, tí ọ̀rọ̀ àgbáǹréré bá ti délẹ̀, ìwo àti ìbọn lẹ máa ń bi mí léèrè. Kò burú. Lọ́dún 2014 nìkan, àwọn ọdẹ tí kò gbàṣẹ pa 1,215 ní South Africa, nítorí ìwo tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi dá èékánná wa ni wọ́n fi dá a. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ yìí là mí lójú sí jù ni pé a lè gba ẹranko lọ́wọ́ ọdẹ, kó tún wá kú mọ́ wa lọ́wọ́, torí pé a ò mọ ohun tó ń jẹ àti omi tó ń mu.

Ẹnu wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Oríṣi márùn-ún ló kù láyé. Ètè àgbáǹréré funfun fẹ̀ pẹrẹsẹ, koríko ilẹ̀ ló fi ń jẹ. Ètè òkè ti dúdú rí ṣóńṣó, ó fi ń fa ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ já. Ti Súmátírà, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, ló kéré jù nínú wọn; inú igbó kìjikìji ló ń gbé, ewé lòun náà ń jẹ.

Láàárín 1984 sí 1996, wọ́n mú 40 nínú ti Súmátírà yìí kúrò nínú igbó, kí wọ́n lè máa bímọ lábẹ́ ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ wọn ló kú. Ní Amẹ́ríkà, koríko gbígbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún wọn. Akọ kan tó ń jẹ́ Ipuh, ní ọgbà ẹranko Cincinnati, ti fẹ́ kú tán kí wọ́n tó gbé ewé ọ̀pọ̀tọ́ síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó sì yè. Òun àti abo tó ń jẹ́ Emi ló bí ọmọ tó ń jẹ́ Andalas ní September 2001. Ó tó ọdún 112 tí wọ́n ti bí irú rẹ̀ nínú àhámọ́ kẹ́yìn. Ewé ni o, ẹ̀yin èèyàn mi!

Ti Tsavo ló dùn mí jù. Ní July 2018, Kẹ́ńyà kó àgbáǹréré dúdú 11 láti ọgbà Nairobi àti ti Nakuru lọ sí ọgbà ẹranko Tsavo East. Omi kànga ẹ̀rọ tí wọ́n bá níbẹ̀ níyọ̀ ju èyí tó ti mọ́ wọn lára lọ. Iyọ̀ ń dá òùngbẹ sí wọn lára, òùngbẹ ń lé wọn padà sídìí omi oníyọ̀ yẹn. Gbogbo mọ́kànlá ló kú, kò ku ẹyọ kan; kìnnìún ló kọlu èyí tó gbẹ̀yìn. Ebi àti ìdààmú ìrìn àjò náà wà lára ohun tí àwọn tó ṣèwádìí rí.

Ọdún yẹn kan náà, wọ́n gbé mẹ́fà láti South Africa wá sí ọgbà ẹranko Zakouma ní Ṣáàdì, níbi tí wọn ò ti rí àgbáǹréré dúdú fún nǹkan bí 50 ọdún. Kó tó di ìparí ọdún, mẹ́rin ti kú. Ọ̀rá ara wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ilẹ̀ tuntun náà kò tíì bá wọn lára mu.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi irú iṣẹ́ yìí lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ rìn ilẹ̀ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ tún rìn ín nígbà òjò, torí ewé tó wà lóṣù karùn-ún lè máà sí lóṣù kejìlá. Ẹ gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, ẹ sì fi èsì rẹ̀ wéra pẹ̀lú omi ibi tí ẹranko ti ń bọ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀, ẹ sọ ọ́ jáde, kódà bí mínísítà bá ti dájọ́ ayẹyẹ. Tí àwọn oníròyìn bá ti lọ, ẹ̀yin ẹ dúró. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ láràárọ̀, ẹ wo egungun ìhà rẹ̀ bóyá ó ti ń yọ. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí nínú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì fi síta. Ní December 2023, wọ́n tún gbé márùn-ún mìíràn lọ sí Zakouma. Àkọsílẹ̀ ikú àwọn mẹ́rin yẹn ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó máa tọ́jú wọn kọ́kọ́ kà.