Sítíkà ti já, gọ́ọ̀mù ò lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹ̀pà inú ìgò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oyin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń kó ìgò òyìnbó jọ sábẹ́ kábọ́ọ̀dù torí pé ó máa wúlò lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí máa yé jù. Bíbó sítíkà kúrò lára ìgò ò le. Èyí tó le ni gọ́ọ̀mù tó máa ń kù sẹ́yìn, tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá fomi ṣàn án títí kò ní gbọ́, kẹ́ ẹ tó mọ̀ eruku Mushin ti bà lé e, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ta ló fẹ́ ra ẹ̀pà nínú ìgò bẹ́ẹ̀?

Mo máa ń yan ẹ̀pà tà, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni mo máa ń ṣe é, ọwọ́ àwọn onígò ni mo sì ti ń ra ìgò, ìgò wáìnì, ìgò ọtí gbígbóná, ìgò jáàmù, wọn ò bá yín bó nǹkankan lára ẹ̀ o, bí wọ́n ṣe ṣà á nílé àríyá ni wọ́n ṣe máa gbé e fún yín, tòun ti sítíkà, tòun ti nọ́ńbà NAFDAC, tòun ti iye tí wọ́n tà á ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹ̀ lèèyàn gbọ́dọ̀ bó kúrò kó tó di pé ó ń rí bí ọjà.

Kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀bẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ irú gọ́ọ̀mù tó wà lára ẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pépà mọ́ ìgò bíà, gọ́ọ̀mù olómi ni, ilé iṣẹ́ ọtí fẹ́ kí ìgò yẹn padà wá sọ́dọ̀ wọn, ṣebí ẹ máa ń rí àwọn tó ń kó kéréètì òfìfo padà, wọ́n á fi omi gbígbóná àti kọ́sítíìkì sódà fọ̀ ọ́, pépà àtijọ́ á jábọ́, wọ́n á lẹ tuntun. Torí náà èyí ò le rárá. Ẹ bu omi gbígbóná sínú bàsíà, ẹ da ọṣẹ tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ sí i, ẹ ri ìgò sínú ẹ̀ di àárọ̀, tẹ́ ẹ bá máa jí pépà ti léfòó. Pósítà àwọn olóṣèlú tí wọ́n wá lẹ̀ mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù yín lóru láì tọrọ àyè náà ńkọ́, sítáàṣì ni wọ́n sáábà máa ń fi lẹ̀ ẹ́, omi náà ló máa gbọ́, ẹ kàn rin ín dáadáa kó mu omi yó, ẹ má tíì ha á.

Sítíkà tó ní gọ́ọ̀mù tiẹ̀ lẹ́yìn, èyí tẹ́ ẹ kàn máa bó pépà ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni bàbá wàhálà. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, R. Stanton Avery, ló gbé irú ẹ̀ jáde ní Los Angeles ní 1935, iṣẹ́ ló sì gbé fún gbogbo wa títí dòní. Gọ́ọ̀mù yẹn kì í gbẹ. Wọn ò tiẹ̀ ṣe é kó gbẹ. Kì í ṣe omi, kì í ṣe nǹkan líle, àárín méjèèjì ló wà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí ó ti dì mú. Rọ́bà tàbí irú ike kan tí wọ́n ń pè ní acrylic ni wọ́n fi ń ṣe é, omi ò sì rọ́nà wọ inú rọ́bà, tẹ́ ẹ bá ń fomi fọ̀ ọ́ dọ̀la ọwọ́ yín ló máa kọ́kọ́ bó. Òróró ló máa ń wọ inú ẹ̀. Tí òróró bá ti ráyè wọlé, gọ́ọ̀mù á wú, á rọ̀, á tú ọwọ́ sílẹ̀ lára gíláàsì. Òróró ló ń ṣiṣẹ́ o, kì í ṣe agbára apá yín, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú gbogbo ariwo tí mò ń pa yìí.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Omi gbígbóná ni mo máa ń dà sínú ìgò, inú o, kì í ṣe ara ẹ̀, kí ooru lè ti inú bá gọ́ọ̀mù, màá dé e, màá lọ wá nǹkan mìíì ṣe díẹ̀. Kì í ṣe omi tó ń hó kutukutu o, ìgò tó tutù tẹ́ ẹ bá da omi híhó sí nínú lè sán mọ́ yín lọ́wọ́, pàápàá èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Tó bá ti gbóná, màá fi èékánná gbé etí sítíkà, màá wá máa fà á díẹ̀díẹ̀, màá máa ká a padà lé ara ẹ̀ bí mo ṣe ń fà á. Tẹ́ ẹ bá fi ìbínú fà á já fùú, pépà òkè nìkan lẹ máa rí mú. Ibi tí pépà bá ṣì kù sí, ẹ fi káàdì ATM tó ti ẹ̀sípáyà ha ojú ẹ̀ kí òróró lè ríbi wọlé. Tó bá wá jẹ́ sítíkà onínáílọ́ọ̀nù ni, irú èyí tó ń dán yẹn, ẹ má wulẹ̀ da òróró lé e, kò lè gba inú náílọ́ọ̀nù kọjá, ẹ kọ́kọ́ fi ooru bó náílọ́ọ̀nù ọ̀hún kúrò ná.

Òróró wo? Èyíkéyìí. Òróró ẹ̀pà, àdí àgbọn, Vaseline, kódà mayonnaise tó ti pẹ́ nínú fíríìjì, òróró ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ má lọ ṣí kèrègbè òróró tuntun pẹ̀lú bí ọjà ṣe wọ́n yìí, èyí tẹ́ ẹ ti fi dín dòdò ti tó, àmọ́ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi dín ẹja o, mo bẹ̀ yín. Ẹ fi pa gọ́ọ̀mù yẹn dáadáa kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, èyí tí oòrùn ti ń pa fún ọdún gbọọrọ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ máa rí i tó ń ká jọ lábẹ́ àkísà kúlúkúlú. Tó bá ku èyí tó lágídí, ẹ po baking soda mọ́ òróró díẹ̀ kó ki, ẹ fi ra á yípo. Lẹ́yìn náà ọṣẹ àti omi gbígbóná, kẹ́ ẹ fọ òróró ọ̀hún dànù, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lẹ sítíkà tiyín mọ́ ọn, ẹ fi sípíríìtì nu ojú ibẹ̀ gbẹ, torí gọ́ọ̀mù tuntun ò ní mú lára nǹkan tó ṣì ní òróró.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ pé kí ni gbogbo eléyìí, ṣé pẹtiróòlù ò sí ni. Pẹtiróòlù máa bó o, mi ò jiyàn. Àmọ́ nínú ilé wa wọ̀nyí, tí ìdáná ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fèrèsé, ẹ wá lọ da pẹtiróòlù sínú abọ́ kẹ́ ẹ máa fi nu ìgò! Kò dìgbà tí pẹtiróòlù bá gbóná kó tó máa yọ afẹ́fẹ́ tó lè gbaná, afẹ́fẹ́ ọ̀hún sì wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, ilẹ̀ ló máa ń gbà rìn, ibi tẹ́ ẹ wà lè jìnnà sí iná kí iná ṣì wá bá yín níbẹ̀. Kẹrosíìnì sàn díẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó dáa fún gíláàsì ṣọ́ọ̀bù níta, àmọ́ kí n má rí i lára ìgò oúnjẹ, òórùn ẹ̀ máa wọ rọ́bà inú ìdérí, ẹ̀pà yín á wá máa rùn bíi ti ìyá oníkẹrosíìnì, oníbàárà ò ní sọ fún yín, kò kàn ní padà wá ni. Ásítóònù tí àwọn tó ń ṣe èékánná fi ń bó kúténìsì náà máa ń ṣiṣẹ́, kì í ba gíláàsì jẹ́, ike àti ọ̀dà ló máa ń jẹ, torí náà ẹ yọ ìdérí kúrò, ẹ ṣí fèrèsé, òun náà máa ń gbaná, kẹ́ ẹ má sì fi kan ìgò tó jẹ́ pé ọ̀dà ni wọ́n fi kọ orúkọ sí i lára, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí orúkọ ọ̀hún lọ.

Iron sponge ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó máa fọ ìkòkò lọ jàre.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò wá yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ra tòkunbọ̀ ní Berger, mọ́tò náà dáa, àmọ́ gíláàsì iwájú ẹ̀ ṣì gbé sítíkà New York lọ́wọ́, torí níbẹ̀ wọ́n máa ń lẹ sítíkà àyẹ̀wò mọ́ inú gíláàsì iwájú ni, nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti lu ú ní gbàǹjo náà tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní Ladipo ti ní sáńpépà lòun máa fi ha á. Sáńpépà kẹ̀! Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi òróró sí i ná." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Òróró? Ṣé o fẹ́ dín mọ́tò ni?"

Gíláàsì tó dúró lóòró ò ní gba òróró dúró, á ṣàn wálẹ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, torí náà ṣe lẹ máa rẹ tíṣù sínú òróró, ẹ lẹ tíṣù ọ̀hún mọ́ ojú ibẹ̀, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó, kẹ́ ẹ lọ jẹun. Tẹ́ ẹ bá dé, abẹ tuntun ló kù. Tuntun o, abẹ tó ti dípẹtà tàbí tó ti yẹ́ lẹ́nu ló ń fá gíláàsì. Kẹ́ ẹ tó gbé abẹ sí i, ẹ fi omi ọṣẹ fọ eruku ibẹ̀ kúrò, torí yanrìn le ju gíláàsì lọ, ìgbà tí abẹ bá ń wọ́ yanrìn lọ wọ́ yanrìn bọ̀ ni gíláàsì ń họ, ẹ̀yin á wá máa bú abẹ. Ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù, ẹ dá abẹ dùbúlẹ̀ díẹ̀, ẹ tì í síwájú, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún tì í síwájú, ẹ má fà á padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ fi ọṣẹ nù ún, ẹ tún fi sípíríìtì nù ún, ẹ má rò pé ó ti tó. Òróró fẹ́lẹ́ tó bá kù sára gíláàsì iwájú, ẹ ò ní rí i lọ́sàn-án, tó bá dalẹ́ tẹ́ ẹ bá gun Third Mainland tí iná àwọn mọ́tò bá tàn sí yín lójú, ó máa fọ́n ká gbogbo gíláàsì, ẹ ò ní mọ èwo ni ojú ọ̀nà mọ́. Bí wọ́n ṣe rí i pé ó mọ́ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi kàn ní kí n bá àwọn fọ ti ẹ̀yìn náà ni, kò sí o ṣé.

Ti ẹ̀yìn yẹn, ẹ má gbé abẹ dé ibẹ̀. Àwọn ìlà tín-ín-rín tó gba inú ẹ̀ kọjá, iná ló ń gba ibẹ̀, òun ló ń gbá kùrukùru kúrò lára gíláàsì nígbà òjò, nínú mọ́tò míì ibẹ̀ náà ni eríà rédíò wà. Tí abẹ bá gé ìlà kan, ìlà yẹn ti kú nìyẹn, rédíò náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa ariwo. Òróró àti àkísà nìkan ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀.

Èyí wá gbé mi dé ọ̀rọ̀ tint. Láti 1991 ni òfin gíláàsì dúdú ti wà ní Nàìjíríà, àmọ́ ní 2025 tí ọlọ́pàá gbé ìwé àṣẹ ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ èèyàn kàn fi èékánná ya tint tiwọn dànù, ẹ wá wo gíláàsì ọ̀hún, gọ́ọ̀mù pátápátá. Tint náà, ooru ló ń fẹ́. Ẹ fọ́n omi ọṣẹ sí i, ẹ gé náílọ́ọ̀nù dúdú kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ bò ó, kẹ́ ẹ gbé mọ́tò sínú oòrùn ọ̀sán, oòrùn Èkó kì í tanni nídìí irú èyí. Lẹ́yìn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fà á láti igun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gọ́ọ̀mù púpọ̀ nínú ẹ̀ máa bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó já, ẹ dúró, ẹ tún fọ́n omi sí i, kò tíì gbóná tó nìyẹn.

Hẹ́ádílámpù kì í ṣe gíláàsì nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ìsinsìnyí o, ike ni, kò sí abẹ, kò sí ásítóònù. Ojú fóònù náà, òróró díẹ̀ àti àkísà rírọ̀ ti tó, ásítóònù máa ń ṣí nǹkan fẹ́lẹ́ tí kì í jẹ́ kí ìka lẹ̀ mọ́ ọn kúrò.

Ní tèmi ṣá, sítíkà tí mò ń lẹ̀ mọ́ ìgò ẹ̀pà mi báyìí, pépà lásán ni, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́. Oníbàárà tó bá dá ìgò padà, mo máa ń yọ owó díẹ̀ fún un nínú èyí tó máa rà, mo kàn máa rẹ ìgò sómi ni, ó ti bó. Kò lè wọ fíríìjì lóòótọ́, á yọ̀ bọ́, àmọ́ ta ló ń gbé ẹ̀pà sí fíríìjì? Aáyán nìkan ni ìṣòro ẹ̀, wọ́n fẹ́ràn sítáàṣì yẹn ju ẹ̀pà gan-an lọ, torí náà inú kúlà tó ní ìdérí ni mo ń kó ìgò sí tó bá ti di alẹ́.