Orí Máṣíìnì Ni Kẹ́ Ẹ Ti Wọ̀ Ọ́ Wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa jákẹ́ẹ̀tì awọ dúdú tí mo wọ̀ gun máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù, lọ sí Òmù-Àrán, ẹ jẹ́ n kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ níbí, torí ohun tí kálukú ń sọ nípa ẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn kan ní ó kúrú, pé tí mo bá nawọ́ sókè ikùn mi á hàn. Àwọn kan ní ooru Ìlọrin yìí kọ́ lèèyàn ń wọ irú ẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Tanke ò sọ nǹkan púpọ̀, ó kàn fìka méjì mú apá ẹ̀, ó fún un, ó ní "awọ lèyí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi gan-an.

Ìdí ni pé èyí tí mo kọ́kọ́ ní, òkìríkà ni, létí títì ní Post Office. Mo wò ó nínú díńgí, ó ń dán, síìpù ẹ̀ pọ̀, mo sanwó lójú ẹsẹ̀. Mi ò mọ̀ pé rọ́bà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ọjọ́ tí yanrìn gbé mi ní Ganmọ, mi ò tiẹ̀ sáré, bí mo ṣe fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ báyìí ni apá ẹ̀ ya bíi páálí tómi rin, ìgbọ̀nwọ́ mi sì bó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, tí mo bá ń kírun, mi ò lè fi ọwọ́ òsì tẹlẹ̀ tí mo bá forí kanlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Jákẹ́ẹ̀tì máṣíìnì onísíìpù yìí ti wà láti 1928, ìgbà tí Irving Schott ní New York ṣe èyí tó pè ní Perfecto, orúkọ sìgá ńlá (cigar) tó fẹ́ràn ló fi sọ ọ́, dọ́là 5.50 ni wọ́n ń tà á nígbà yẹn. Síìpù tó gba ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ rí yẹn, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán o, ó ń jẹ́ kí awọ gun orí awọ láyà kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé. Kíkúrú ẹ̀ náà nídìí, ẹni tó jókòó ni wọ́n gé e fún, tó bá gùn á ká jọ sítan, á máa tì ẹ́ lọ́rùn. Torí náà, ẹ má wò ó lórí ìdúró. Ẹ jókòó sórí máṣíìnì, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ wá wo ibi tí apá jákẹ́ẹ̀tì dé. Èyí tó bá ọrùn ọwọ́ mu régí lórí ìdúró, á ti fà sókè tẹ́ ẹ bá nawọ́.

Awọ màlúù tó nípọn tó mílímítà 1.2 sí 1.4 ni mo fẹ́, awọ àgùntàn rọ̀, ó dáa fún òde. Ẹ yẹ etí awọ wò nínú àpò, tẹ́ ẹ bá rí aṣọ híhun lábẹ́ ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ibi tí tèmi ti kù ni pé kò ní páàdì, àpò ẹ̀ nìkan ló wà léjìká àti ìgbọ̀nwọ́, mo ní láti ra páàdì tí wọ́n kọ EN 1621-1 sí lára (àmì ìlànà Yúróòpù fún páàdì tó ń dáàbò bo oríkèé ara àwọn tó ń gun máṣíìnì) fúnra mi, ó sì dùn mí, torí ó yẹ kí wọ́n fi sí i. Ọ̀rọ̀ ooru, òótọ́ ni. Tí mo bá há sí gósílóò Challenge lọ́sàn-án, bí ààrò ló ń rí, síṣí ni mo ń ṣí i, àmọ́ mi ò ní bọ́ ọ.

Tí òjò bá pa á, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì dì í sí nylon, á bu. Abẹ́ fáànù ni kẹ́ ẹ fi kọ́. Ẹnì kan ní kí n fi òrí pa á nígbà ọyẹ́, mo dán an wò níbi kékeré kan, eruku lẹ̀ mọ́ ọn ṣáá, kírímù awọ ni mo padà sí.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ wò, Sátidé tó ń bọ̀ a ó wà ní Geri Alimi kó tó di aago 7, àmọ́ ẹ gun máṣíìnì yín wá o.