Kó o tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù àkáǹtì àkọ́kọ́ rẹ

Iye èlé ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kọ́kọ́ máa ń béèrè ní báǹkì. Iye tí báǹkì máa yọ ló yẹ kó ṣíwájú. Ká ní 1,000 lo fi pamọ́, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 4% lọ́dún: 40 lo máa rí. Tí wọ́n bá wá ń yọ 5 lóṣooṣù fún ìtọ́jú àkáǹtì, 60 ti lọ kí ọdún tó yípo. Owó tó o ní kó máa gbèrú ti ń jò. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ ò tíì pọ̀, àkáǹtì tí kì í yọ owó ìtọ́jú ló bá a mu, kódà kí èlé rẹ̀ kéré. Tún béèrè iye tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀, àti iye tí wọ́n ń gbà tó o bá lo ATM báǹkì mìíràn.

Bí wọ́n bá fi owó àyálò lọ̀ ọ́, èyí tó máa ń gbé ọ nígbà tí tìrẹ bá tán, kọ̀ ọ́ ná. Gbèsè ni, ó sì ń lé èlé.

Ìwé tó ń fi ibùgbé hàn ló sábà máa ń dá ọ̀dọ́ padà lẹ́nu ọ̀nà, torí orúkọ òbí ló wà lórí bíìlì iná àti omi. Kó o tó lọ, béèrè bóyá wọ́n á gba lẹ́tà ilé ìwé tàbí ti ibi iṣẹ́. Tó ò bá tíì pé 18, ní ọ̀pọ̀ ibi, òbí tàbí alágbàtọ́ ló máa dúró fún ọ. Bi wọ́n léèrè ẹni tó lè gbowó jáde, àti ohun tí àkáǹtì náà máa dà lọ́jọ́ tó o bá pé 18, torí ibẹ̀ ni owó ìtọ́jú ti máa ń yọjú.

Kọ orúkọ rẹ bó ṣe wà nínú káàdì ìdánimọ̀ gẹ́lẹ́. Tí káàdì bá ní orúkọ mẹ́ta tí fọ́ọ̀mù ní méjì, tàbí tí orúkọ ìdílé bọ́ sí àyè orúkọ tìrẹ, owó oṣù lè má wọlé.

Níbi ìbuwọ́lù, rọra. Ọ̀pọ̀ máa ń lọ́ ìlà mọ́ ìlà kó lè rẹwà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọwọ́ ò ní lè ya irú ẹ̀ mọ́, òṣìṣẹ́ báǹkì á gbé méjèèjì síra, á ní wọn ò jọra, owó ò ní jáde. Èyí tí ọwọ́ rẹ lè kọ láì ronú ni kó o lò.

Tí àkáǹtì bá ti ṣí, fi owó kékeré sí i, fi díẹ̀ ránṣẹ́ síta, kó o rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ kó o tó fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà rẹ̀. Má fi ọdún ìbí rẹ ṣe PIN.

Ẹnìkan sì lè wá bẹ̀ ọ́ pé kí owó gba àkáǹtì rẹ kọjá, kó o mú díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ́ ni wọ́n ń wá fún irú ẹ̀. Jọ̀ọ́, má gbà. Tó bá jẹ́ owó olè, orúkọ rẹ ni ọlọ́pàá máa bá lórí ẹ̀, báǹkì lè ti àkáǹtì náà pa, òmíràn sì lè kọ̀ láti ṣí tuntun fún ọ.